Bàbá Ọ̀pádìran Tó Jáde Wá Ṣọ́ Ìdọ̀tí Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, mo fi irun funfun orí mi búra, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ọ̀nà tó gbé mi wá má gbé mi lọ. Mo ti sùn ní gáréèjì tó pọ̀, mo ti jẹ oúnjẹ tí ajá kọ̀, n kò rí ìdí tí n ó fi máa parọ́ fún ọmọdé.

Ní àdúgbò Òkè-Àpáta, ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ni mo ti bá Bàbá Ọ̀pádìran pàdé. Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ le bí igi ayín. Kì í kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí aya rẹ̀ ṣaláìsí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kì í rí oorun sùn, orúnkún rẹ̀ gan, ẹ̀bà tí àwọn aládùúgbò bá gbé fún un, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mopélọ́lá, tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ránṣẹ́ sí i pé bí òjò ọdún náà bá ti dá, òun ń bọ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun, òun ó sì ti ilé náà pa. Ọ̀rọ̀ yẹn gún bàbá lọ́kàn. Kò fẹ́ fi ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, kó lọ kú sí yàrá àlejò.

Òkè-Àpáta nígbà náà, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ọ̀rá omi, agolo, ike àti àkísà ti dí gbogbo gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé oníkálukú, ẹ̀fọn á sì tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ń bínú, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Tinúadé, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti bàbá, ló kọ́kọ́ mú àpò sìmẹ́ǹtì. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdọ̀tí láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìyẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ìgbà tó dé iwájú ilé bàbá, tó mú àkísà kan nílẹ̀, ni ìjà dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé mú àkísà onílé. Ta ló mọ ohun tí ẹni tó mú un fẹ́ lọ fi ṣe?

Bàbá Ọ̀pádìran yọjú lójú fèrèsé. "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo fẹ́ fi aṣọ mi ṣe?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Mo fẹ́ lọ dà á sí ààtàn ni."

"Ààtàn wo? Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣoògùn owó? Egungun gbígbẹ bíi tèmi, mélòó ni yóò bì fún ọ? Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀."

Àwọn aládùúgbò ti ń pé jọ. Àwọn kan ní kí wọ́n gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tinúadé kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ̀rù tó ń bà yín, ó tọ́. Ẹ jáde wá ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ààtàn, kí ẹ fojú ara yín rí ibi tí mo dà á sí."

Bàbá mú ọ̀pá, ó jáde. Ó ti pẹ́ tó ti fẹsẹ̀ kan ìgboro kẹ́yìn. Kò tiẹ̀ gbà kí Tinúadé gbé àpò náà. Ó ní ẹrù òun ni, òun ni òun ó gbé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Àkànbí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pariwo láti ìloro pé kò sẹ́ni tó máa ṣa ìgò òun lẹ́yìn òun, ó kó o, ó tẹ̀ lé wọn. Onílé mìíràn gbọ́, òun náà mú àpò. Kí wọ́n tó dé ààtàn, èrò ti kún ojú ọ̀nà, oníkálukú ń ṣọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà.

"Bàbá," Àkànbí ní, "ṣé kì í ṣe ìgò ọtí ló kún inú ẹrù yín yẹn?"

"Kò lè tó tìrẹ. Tìrẹ ti ń dún láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Sátidé kejì, wọ́n tún jáde. Wọ́n ní àwọn wá ṣọ́ ọ ni o. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìṣọ́ mọ́. Wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Aṣọ́dọ̀tí, wọ́n fi bàbá ṣe olórí. Ó fi oparun gbẹ́ ẹ̀mú gígùn fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, kí wọ́n lè máa mú ọ̀rá láìbẹ̀rẹ̀. Orúnkún tó gan bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Oorun padà wá. Ó ń jẹun tán, ó ń béèrè fún òmíràn. Ẹni tí kì í kí èèyàn wá ń kan ilẹ̀kùn kiri láàárọ̀ pé, "Ẹ ò tíì jí ni?" Gọ́tà ṣí, omi rí ọ̀nà, àwọn ará Òkè-Àpáta sì ń yan bí ọmọ ọba lójú pópó wọn. Mo ti rin ìlú tó ní títì ọlọ́dà, mo ti rin ìlú tó ní iná. N kò tíì rí èyí tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Òjò dá, Mopélọ́lá gbé ọkọ̀ dé. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó rò pé baba òun ti kú sínú ilé. Ó ti ń sunkún kó tó gbọ́ ohùn baba rẹ̀ láti inú gọ́tà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tó ń pàṣẹ fún àwọn géńdé. Ó sáré lọ bá a. "Bàbá mi, ẹ jáde níbẹ̀. Mo ti wá mú yín. Ọkọ̀ ń dúró."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kí n tó sọ èsì bàbá, torí ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì gbàgbé. Ìgbéraga a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Iṣẹ́ àjọṣe ló ń ṣí i. Ẹni tó bá bá aládùúgbò rẹ̀ tún àyíká ṣe, ara tirẹ̀ gan-an ló ń tún ṣe. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Bàbá Ọ̀pádìran wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó sì fèsì pé: "Mi ò ráyè."

Ọkọ̀ padà lófo. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lórí ọ̀ràn náà nìyẹn. Mi ò ráyè.