Àpò Kòkó Tó Kù

Dírẹ́bà ti ń so okùn mọ́ ẹrù nígbà tí Ìyá Rèbékà tún yí àpò kòkó kan dé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ l'Érìjìyàn.

"Ó ti kún, Ìyá."

"Òjò ti ṣú. Ṣé kí kòkó mi tutù ni? O ò gbọ́ rédíò? Wọ́n ní ọkọ̀ ojú odò Jámánì ń dín kù, àmọ́ ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ń pọ̀ sí i."

"Orí omi nìyẹn, Ìyá."

"Ojú títì ló yẹ kó rọrùn jù. Ọkọ̀ kì í rì níbẹ̀."

Dírẹ́bà gbé àpò náà sókè, ó wọlé, ó yí sítíárì wò. Kò fúyẹ́ tó báyìí rí. Ó yọjú síta: táyà iwájú méjèèjì ò kanlẹ̀ mọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá, ẹ wá jókòó síbí, ká lè máa lọ."