Ohun Tó Mú Eldrid Sọ̀rọ̀

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló pa adìyẹ àkọ́kọ́. Ó gé e lọ́rùn jẹ, ó wọ́ ọ lórí yìnyín títí dé ìdí ọgbà, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìró ọkọ̀ tó fi ju ẹran sílẹ̀ tó sá.

Gunnvor, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà ní jẹ́lé-ó-sinmi tó ni àwọn adìyẹ náà, kò sin òkú adìyẹ. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni pé etí ọmọdé a máa jò, ohun tó bá fọwọ́ kàn ni kì í gbàgbé. Nígbà tí ewé ń wọ́, òun ló mú àwọn ọmọ lọ sí oko Halvard, bàbá arúgbó tó múlé tì wọ́n, kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń pa àkùkọ, òun náà ló sì gbé ọwọ́ wọn lé ọrùn àkùkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ibi tí egungun ti pàdé. Nítorí náà ó tẹ́ adìyẹ yìí sórí tábìlì ìta, ó yọ àwọn ọ̀bẹ kéékèèké, ó ní kí wọ́n là á.

Ìfun tú jáde, ooru ń rú lára rẹ̀ nínú òtútù. Ọmọ kan la iwe, òkúta wẹ́wẹ́ dà sílẹ̀. Wọ́n rí àwọn ẹyin tí kò tíì ní èèpo, tí wọ́n so bí ìlẹ̀kẹ̀. Eldrid, ọmọ ọdún márùn-ún, fi ìka kan ọkàn adìyẹ náà.

Ó ní, “Ṣé ó dùn ún?”

Gbogbo ọwọ́ dúró. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òkun ti gbé bàbá Eldrid lọ níṣojú rẹ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, títí kan ìyá rẹ̀. Gunnvor kò jẹ́ kí ohùn òun yí padà. Ó ní ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pẹ́.

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Nígbà tí Torunn, ìyá rẹ̀, wá mú un nírọ̀lẹ́, òórùn ẹja tó ń là ní iléeṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Gunnvor ròyìn fún un. Torunn jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, ó ní kó tún un sọ, kó sọ ibi tí ìka ọmọ náà wà, kó sọ bí ohùn náà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún ṣe é. Gunnvor rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ojoojúmọ́ lèèyàn ń rí òkú adìyẹ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí òmíràn fi kú, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn. Wọ́n tún là á. Eldrid fẹnu ara rẹ̀ béèrè ọ̀bẹ. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó ń pe ẹ̀dọ̀fóró àti òróòro lórúkọ. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ó ti ń bá ọmọkùnrin kan jà lórí ẹni tó máa di orí mú.

“O ò mọ̀ ọ́n dì mú,” ló wí. “Gbé e wá, jàre.”

Àmọ́ Gunnvor kò rí ojú eyín lára wọn mọ́. Ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ wà ní títì láti ìta lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ọmọ kankan tó dé ìdí ilé adìyẹ, ó rí ìyẹ́ kan lọ́rùn kóòtù Eldrid. Eldrid àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, torí pé iléeṣẹ́ ẹja kì í pẹ́ ṣí. Gunnvor yọ ìyẹ́ náà, ó jù ú sínú iná. Ó rántí ọrùn àkùkọ, àti ọwọ́ Eldrid tó gbé lé e.

Àwọn òbí kò mọ èyí. Rapp, ajá Halvard, ni wọ́n rí tó gbé òkú adìyẹ sẹ́nu jáde nínú ọgbà. Wọ́n yí bàbá náà ká. Halvard ní ajá òun ti bá adìyẹ gbélé láti kékeré, kò sì bu ọ̀kan jẹ rí. Ó wá kọjú sí Gunnvor.

“Gunnvor, ìwọ lo ń là wọ́n. Ṣé eyín ajá lo rí lọ́rùn wọn?”

Eldrid dúró nídìí ọgbà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sétí ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

Gunnvor ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú, eyín ni.”

Halvard mú ajá rẹ̀ lọ sẹ́yìn abà. Ìbọn àkọ́kọ́ kò pa á. Àwọn ọmọ tó ń gun okùn nínú igbó gbọ́ bó ṣe ń ké, wọ́n gbọ́ ìbọn kejì, ibi gbogbo sì dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá wọ́n máa la Rapp náà. Gunnvor kó wọn padà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, adìyẹ kankan kò kú mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu Eldrid ń dín kù lójoojúmọ́, títí tó fi padà sí fífọwọ́ júwe. Gunnvor rò pé ikú ajá ló ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn, ó sì dá a lójú pé ọwọ́ Eldrid yóò tún padà sí ọrùn adìyẹ. Ó pinnu láti di ọwọ́ náà mú kó tó ṣe é, kó sì gbá a mọ́ra, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dúró láàárín àwọn ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ. Ọkọ̀ Torunn dé. Ẹsẹ̀ tẹ yìnyín. Ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ dún, adìyẹ kan sì figbe ta. Gunnvor wọlé, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì.

“Eldrid, ọmọ mi,” ló wí jẹ́jẹ́, “fi í sílẹ̀.”

Torunn ló yíjú padà, tí adìyẹ ń gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Rọra, má jí i, ó ń sùn nínú ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ la èyí tó gbẹ̀yìn, Gunnvor, ó pè mí ní Màmá.”