Ẹ̀fọn Inú Sípíkà

Onígìtá kan de sípíkà tuntun mọ́ inú àpótí ańpù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, pinpin. Ó ní ti àtijọ́ ló ń han yíìn bí ẹ̀fọn, pé sípíkà yẹn àti ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń sín ohùn oríṣiríṣi ańpù jẹ kò bára mu. Tuntun yìí kì í fi ohùn kankan pamọ́.

Ó ta okùn gìtá. Ẹ̀fọn náà ṣì ń han.

“Ohùn rẹ̀ mọ́ lóló,” ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ dí etí. “Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù.”

“Ṣé o ò gbọ́ ẹ̀fọn yẹn ni?”

“Ẹ̀fọn wo?”

Ọkọ fa wáyà iná yọ lára ògiri. Yàrá pa lọ́lọ́.

“Ó ti lọ báyìí, àbí, Bàbá Ìbejì?”

Ẹ̀fọn náà ń han lọ nínú etí onígìtá náà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.