Oníbodè Tó Gbé Àlejò Mì

Àlọ́ mi fò sókè, ó bà sí bodè ìlú àwọn ẹranko, níbi tí Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ṣe oníbodè. Kòkòrò àjèjì tó bá yọjú, ṣe ni yóò gbé e mì. Gbogbo wọn ló ń sá fún ahọ́n rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, kòkòrò tíntín kan rọra ń bọ̀. Ó ti fi ìda kun ara, ó sì ti fi oyin bo ìda náà. Ó ń kọrin:

Baba oníbodè, ẹ gbé mi mì,
*Jálámìjálá.*
Ahọ́n yín ni mò ń wá,
*Jálámìjálá.*

Ó ya Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu: “Kí ló dé tí eléyìí kò sá?” Ṣùgbọ́n ahọ́n ti lẹ̀ mọ́ oyin. Ó gbé e mì káló.

Oyin yọ́, ìda kò yọ́. Inú tó ń lọ gbogbo kòkòrò kúnná kò rí eléyìí lọ̀. Kòkòrò náà na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó bímọ.

Ní oṣù kẹta, Ẹfọ̀n tó jẹ́ ọba bi í pé: “Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé àjèjì kankan kò tíì wọ̀lú?”

“Kábíyèsí, ẹyọ kan kò kọjá mi.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ gbé e, ẹgbẹ̀rún ohùn kéékèèké sì gbè é láti inú rẹ̀ wá: “Jálámìjálá!”

Ọ̀pọ̀lọ́ kò purọ́. Wọn kò kọjá rẹ̀. Inú oníbodè ni wọ́n tẹ̀dó sí.