Ìgbẹ́ Tí Brenton Sá Sóòrùn

Brenton Huckstep kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: bí wọ́n bá ti fi òfin kan hàn án, yóò wá ọgbọ́n tirẹ̀ lé e lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ kó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn aláìsàn láti ìlú Cloncurry, ní ilẹ̀ Australia, lọ sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú Mount Isa. Wọ́n fún un ní kúlà oníyìnyín fún iṣẹ́ náà. Edé àti bíà ni Brenton ń kó sínú rẹ̀. Iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn gíláàsì, ni ìgbẹ́ máa ń jókòó sí, tí oòrùn á máa pa á.

Nígbà tó yá, Clarrie Voss, ọ̀rẹ́ Brenton tí wọ́n jọ ń pẹja, lo oògùn apakòkòrò nítorí egbò ẹsẹ̀. Egbò jinná, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Dókítà fura pé kòkòrò kan ló ń tu oró sínú ìfun rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá oró náà nínú ìgbẹ́.

Maree Tiplady, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò, gba ike tí ìgbẹ́ Clarrie wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Brenton. Ó gbóná bíi tíì.

"Brenton, kí lo fi kúlà ṣe?"

"Ẹ̀yin náà, ọ̀gá! Edé ló ń bàjẹ́. Ìgbẹ́ ti bàjẹ́ láti ilé wá."

"Ooru ń pa oró tí à ń wá! Bó bá ti kú, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan kan, àìsàn á sì wà lára onítọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́? Ẹnu mi ti fẹ́ẹ̀ bó!"

"Ó dáa, ẹ má bínú. Tọ̀la á tutù."

Maree da ìgbẹ́ náà nù, ó béèrè òmíràn.

Lóòótọ́, tọ̀la tutù. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kó dé ni Brenton ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ike náà láti inú oòrùn bọ àárín bíà nínú kúlà. Maree fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rọ ní kò sí oró. Dókítà gba èsì gbọ́, ó fún Clarrie ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ìgbẹ́ dúró, oró náà sì dúró sínú. Ní ọjọ́ kẹta, ikùn Clarrie wú, ó le bí òkúta. Bàálù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú Townsville. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò níbẹ̀, oró kún un bámúbámú, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n gé ìfun ńlá rẹ̀ jù nù. Nígbà tí ìròyìn dé, Maree pe Brenton. Brenton jẹ́wọ́ kí Maree tó la ẹnu. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Brenton lọ kí Clarrie ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, àpò tí yóò máa yàgbẹ́ sí so mọ́ ikùn rẹ̀.

"Wọ́n ní awakọ̀ kan ló sá ìgbẹ́ mi sóòrùn," ni Clarrie wí. "Ìwọ tó o mọ gbogbo wọn, ta ni ọ̀dẹ̀ yẹn?"

"Clarrie... awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní."

Clarrie kọjú sí ògiri. Kò yí i padà títí Brenton fi jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, òfin tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣe òfin asán. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fi ọgbọ́n yín gé e kúrú. Ẹni tó sì ti mọ ìdí rẹ̀, tó tún ń ṣe é lójú ayé lásán, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣeré. Òwe ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò ní ká fi tọ̀lẹ jẹ́ ẹ.