Ẹ Padà Wá Lọ́la

Akíndàmọ́lá fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́ ní yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì sí Lẹ́kkí Phase 1. Ohun kan tó kó ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ wálé ni pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájú, torí òun gan-an ni wọ́n máa ń wá bẹ̀.

Nígbà tí Tolúwani, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sọ fún un pé òun ti parí gbogbo ohun tí ilé-ìwé ń béèrè, ó wojú ọmọ náà títí.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Dádì. Ẹ ṣáà wá lọ́jọ́ Sátidé. Àga iwájú ni wọ́n máa fún yín. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí."

Akíndàmọ́lá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ báyẹn, ó ti fìdí rẹmi níbì kan, ó kàn ń wá bó ṣe máa bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ìyá Tolúwani ti kú. Òun nìkan ló kù tó lè jókòó sí àga òbí, kò sì sóhun tó wù ú láyé mọ́ ju kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ yìí. Ní ọjọ́ Ajé, láìsọ fún un, ó gba títì ẹspírẹ́ẹ̀sì lọ sí Ajah, níbi tí ọ́fíìsì ilé-ìwé náà wà.

Sànúsí tó ń ṣọ́ géètì gba fóònù rẹ̀. Òfin wọn ni: fóònù kì í wọ ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò sí.

Obìnrin tó ń fọwọ́ sí ìwé àwọn tó fẹ́ jáde ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ó gbọ́ orúkọ ọmọ, ó gbọ́ orúkọ bàbá, ó sì gbójú sókè.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá wàhálà kankan wà, mà," ni Akíndàmọ́lá wí.

Obìnrin náà pa fáìlì iwájú rẹ̀ dé.

"Ẹ padà wá lọ́la."

Wọn kì í ní kí ẹni tí kò níṣòro padà wá. Èdè tí Akíndàmọ́lá gbọ́ dáadáa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí. "Ẹ padà wá lọ́la." Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńláńlá méjì dání, wọ́n ní kó gbé e padà, kó wá lọ́la. Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà pè é wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò dá mi mọ̀, sà. Oyinkọ́lá ni mí. Ọmọ apẹja Òkun-Ajah."

Háà! Akíndàmọ́lá rántí. Ọmọbìnrin kan tó kí i ní ìdúró lójú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní ọmọ náà ò mọ èèyàn kí. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kó padà wá lọ́la.

"Ọdún méjì, sà. Bàbá mi ti ra fìlà ẹtù sílẹ̀ de ọjọ́ tí mo máa gboyè. Tí mo bá ti wọlé, wọ́n á ní, 'Oyin, ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?' Wọ́n kú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Fìlà náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á."

Akíndàmọ́lá, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì.

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fi ṣe ọmọ mi."

"Èmi ò bá ọmọ yín jà."

"Ó dáa, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Ẹ wá láàárọ̀ Sátidé. Ẹ jókòó dè mí."

"Sátidé gan-an ni wọ́n ń..."

"Mo mọ ọjọ́ tó jẹ́, sà."

Akíndàmọ́lá ṣépè fún un nínú mọ́tò títí ó fi délé. Obìnrin burúkú! Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló kan Tolúwani níbẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé, Tolúwani wọ gáùn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ò jìnnà sí ilé wọn rárá, ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn débẹ̀.

"Dádì, ẹ ò ní í pẹ́ o."

"Máa lọ. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ó wọ mọ́tò, ó kọrí sí Ajah. Sànúsí gba fóònù rẹ̀, ó ní mọ̀dáàmù ní kó jókòó. Ó jókòó. Oòrùn gòkè, kò sẹ́ni tó yọjú. Ẹ̀ẹ̀kan ó dìde pé òun ń lọ, ó tún padà jókòó. Bí obìnrin náà bá dé tí kò bá òun ńkọ́? Kí wọ́n pe ọmọ náà kí òun má rí i sàn ju kí wọ́n má pè é rárá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó jáde lọ bá Sànúsí ní géètì. Sànúsí ń wo fóònù tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ̀dáàmù ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà níbi ayẹyẹ látàárọ̀, Bàbá. Ẹ wá wò ó, wọ́n ti pe ẹni tó gba ipò kìíní. Láti oṣù tó kọjá ni mọ̀dáàmù ti fọwọ́ sí tirẹ̀, wọn ò yéé pariwo rẹ̀ fún wa."

Akíndàmọ́lá na ọrùn wo fóònù náà, ó sì rí Tolúwani tòun ti àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn, tó kúnlẹ̀ níwájú àga òbí, níbi tí Oyinkọ́lá jókòó sí pẹ̀lú fìlà ẹtù bàbá rẹ̀ lórí itan, tó ṣì wà nínú ọ̀rá.