Àlàájà Mo-Ti-Mọ̀ àti Oògùn Ọrùn Rẹ̀

Àlàájà Hàúwà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì kó ìtìjú bá a. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ta ike ní Ọjà Tuntun, ọwọ́ rẹ̀ kì í há, òun ló sì ń ṣáájú àwọn obìnrin asàlátù àdúgbò wọn ní Adéwọlé, Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí o tó dé ìdajì, á ti ní, "Mo ti mọ̀." Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Àlàájà Mo-Ti-Mọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì yọ ohun kékeré tó ń pèsè họ́móònù nínú ọrùn kúrò. Dókítà ní yóò máa lo họ́móònù oníhóró dípò rẹ̀ títí ayé, nítorí ara kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Wọ́n tún kọ àwọn fítámì fún un: kálísíọ̀mù fún egungun rẹ̀, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára.

Òun àti Nabeelah, ọmọ rẹ̀, lọ sọ́dọ̀ Olúdáre, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní àdúgbò wọn. Ó to àwọn oògùn náà sórí káńtà.

"Mà, họ́móònù yìí, àárọ̀ kùtù ni, kẹ́ ẹ tó jẹ ohunkóhun, omi lásán. Àwọn fítámì yìí wá..."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀ ná, Mà. Ti egungun àti ti ẹ̀jẹ̀ yìí, wọn kì í..."

"Dáre, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbé oògùn mì. Ṣé ọ̀fun mi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ni?"

Olúdáre rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Àgbà ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa. Ilé ló ti ń lo họ́móònù láàárọ̀, ó sì ń lo àwọn yòókù ní ìsọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kò mọ ìdí tí ó fi dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Rámàdánì dé.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká bi Bùrọ̀dá Dáre bí ẹ ó ṣe máa lò wọ́n nínú ààwẹ̀," ni Nabeelah wí.

"Kìrìsìtẹ́nì ni kí n lọ bi ní ọ̀rọ̀ ààwẹ̀? Asitagifirulláì! Ṣebí inú ikùn kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ."

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Àlàájà kò béèrè. Ní sààrì, á da gbogbo hóró náà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi kókó oní-mílíìkì gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kọjá, kò yí i padà, nítorí ó rọrùn fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Òtútù ń mú un nínú oòrùn Ìlọrin. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń sùn láàárín ike lójú oníbàárà. Ó tún ra fítámì mìíràn kún un. Nígbà tí kò sàn, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní asàlátù.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ra! Ayédèrú oògùn ni Olúdáre ń tà. Ẹ wo bí mo ṣe dà!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá láìkí i. Ìyá kan ju oògùn ikọ́ ọmọ rẹ̀ padà sórí káńtà. Olúdáre wá sílé Àlàájà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń lo..."

"Mo ti mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Jáde!"

Kò pẹ́, Àlàájà ń wàásì lọ́wọ́ ló ṣubú lulẹ̀. Àwọn obìnrin asàlátù ló gbé e dé ọsibítù, wọ́n sì dúró yí ibùsùn rẹ̀ ká nígbà tí dókítà wọlé.

"Àyẹ̀wò fi hàn pé họ́móònù yẹn ò wọ ara yín tó. Báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

"Mo ń kó gbogbo wọn mì pọ̀ ni, pẹ̀lú kókó oní-mílíìkì. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni wọ́n tà fún mi."

Dókítà mi orí. "Kálísíọ̀mù, oògùn ẹ̀jẹ̀, mílíìkì, gbogbo wọn ló ń dí i lọ́nà. Ó yẹ kí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Nínú ààwẹ̀ pàápàá, a mọ bá a ṣe ń tò ó. Oògùn yín kì í ṣe ayédèrú. Ṣé ẹni tó tà á ò ṣàlàyé ni?"

Nabeelah wo ilẹ̀.

"Ó fẹ́ ṣàlàyé, sà. Mọ́mì ni ò jẹ́ kó parí ẹ̀."

Àlàájà fi ìbòrí bo ojú. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Àwa náà ò béèrè," ó sì jáde.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nígbà tó lè rìn, Àlàájà lọ bẹ Olúdáre, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ti kó ẹrù padà sí Ọ̀mù-Àrán. Àlàájà tọrọ àforíjì ní asàlátù, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un mọ́. Ẹ̀yìn, nítòsí bàtà, ló ń jókòó.

Ó pe Olúdáre lórí fóònù, ó sọ ohun gbogbo, ó sunkún. Olúdáre gbọ́ ọ títí dé òpin, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣé ó ti tán, Mà?"

"Ó ti tán."

"Mo ti dárí jì yín. Ẹ má gbàgbé, omi lásán." Ó sì pa fóònù. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ṣí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Fítámì dára, oògùn ẹ̀jẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohun rere méjì lè pàdé nínú ikùn kí wọ́n ba ara wọn jẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní họ́móònù, ẹ fi gbogbo ohun mìíràn tí ẹ ń lò han dókítà. Bí ààwẹ̀ bá dé tàbí tí ìgbà oúnjẹ yín bá yí padà, ẹ tún béèrè. Bí ara kò bá sì yá, ẹ yẹ ọwọ́ ara yín wò kí ẹ tó ba orúkọ ẹnìkan jẹ́. Ara Àlàájà ti ń yá. Orúkọ Olúdáre ni kò sí oògùn fún.